Ipò Olùwà nínú Gírámà Èdè Rọ́ṣíà

Bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Rọ́ṣíà, ipò olùwà, ìyẹn ìrísí tí ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń ní bí ó bá jẹ́ olùwà gbólóhùn, ni a máa bá ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Imenitelny ni wọ́n ń pe ipò yìí, láti ara imya, tí í ṣe "orúkọ", nítorí pé òun ni a fi ń dárúkọ nǹkan. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ipò 6 tí ọ̀rọ̀-orúkọ lè wà, ìparí ọ̀rọ̀ ló sì sábà máa ń fi wọ́n hàn.

Ní èdè Yorùbá, àyè tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan: "Ajá rí ológbò" yàtọ̀ pátápátá sí "Ológbò rí ajá". Arọ́pò-orúkọ nìkan ni a ń pa ìrísí rẹ̀ dà, bí a ṣe ń sọ pé "Mo rí wọn" àti "Wọ́n rí mi". Ohun tí à ń ṣe fún mo àti mi yìí ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń ṣe fún ajá àti ológbò pẹ̀lú. Sobaka vidit koshku túmọ̀ sí pé ajá rí ológbò. Bí a bá sì yí i po, tí a ní koshku vidit sobaka, ajá náà ló ṣì rí ológbò, nítorí pé -a tó parí sobaka fi hàn pé òun ni olùwà, nígbà tí -u tó parí koshku fi ológbò sípò àbọ̀. Ibi tí a tẹnu mọ́ nìkan ló yí padà. Àmọ́ ìrísí kan náà ni mat (ìyá) àti doch (ọmọbìnrin) ní nínú ipò méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ mat lyubit doch yóò gbà pé ìyá, tó ṣáájú, ló fẹ́ràn ọmọ.

Ibi tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ ni "Mo ní ìwé". U menya yest kniga ni wọ́n ń sọ, kniga, ìwé gan-an, sì ni olùwà. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, ṣùgbọ́n Yorùbá lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé àwa náà ń sọ pé "Ìwé wà lọ́wọ́ mi". Bákan náà ni mne nravitsya kniga: "Ìwé náà wù mí." Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá sí lọ́wọ́ wa, u menya nyet knigi ni a ó sọ, kniga ti di knigi, ó sì ti kúrò ní ipò olùwà.