Orin ọ́pẹrà: kí ni UNESCO rí lára rẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, jókòó ní Kasane, ní orílẹ̀-èdè Botswana, wọ́n sì fi iṣẹ́ orin ọ́pẹrà kíkọ ní Ítálì kún àwọn àjogúnbá aráyé, níbi tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà ṣáájú. Àwọn òǹkàwé ń béèrè pé kí ló wà nínú igbe tí wọ́n ń ké yẹn. Igbe kọ́ o. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ọ́pẹrà gan-an?

Eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Florence ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀. Euridice, tí Jacopo Peri kọ orin rẹ̀ ní 1600, ló lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn tí orin wọn ṣì wà lódindi.

Ṣé irú eré Ògúnńdé àti Dúró Ládiípọ̀ náà ni?

Orúkọ ló dà wọ́n pọ̀. Nígbà tí Ògúnńdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall, l'Ékòó, ní 1944, ọ́pẹrà ni wọ́n pè é. Ọba Kò So tí Ládiípọ̀ gbé dé Berlin ní 1964 náà ń jẹ́ ọ́pẹrà. Ṣùgbọ́n ìlù, ijó àti oríkì ló gbé tiwa ró, orin wa kò sì lè máa gòkè gbàlẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń kọrin ní èdè Ítálì lè fa ọ̀rọ̀ kan lọ sókè réré, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má yẹ̀. Ẹ wá gbé ìparí "ọkọ" sókè: ọkọ ìyàwó ti di ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹni tó bá ti kọ orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dojú rú nínú rẹ̀. Nítorí náà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í lo máìkì?

Lóòótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Gbọ̀ngàn La Scala ní Milan gba nǹkan bí 2,000 èèyàn. Metropolitan Opera ní New York gba nǹkan bí 3,800. Àìmọye fáólìnì, fèrè àti ìlù ló wà láàárín olórin àti èrò, síbẹ̀ ohùn ẹnì kan ṣoṣo ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Kì í ṣe pé ó ń pariwo jù wọ́n lọ. Ibi tí ohùn àwọn ohun èlò yẹn ti lágbára jù ni nǹkan bí ìgbọ̀nrìrì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, agbára wọn ń dín kù. Olórin, pàápàá ọkùnrin, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ gògóńgò sílẹ̀ tí wọ́n sì ń la ọ̀fun, títí ohùn rẹ̀ á fi lágbára ní nǹkan bí 3,000, níbi tí ohun èlò ti rọ̀ tí etí èèyàn sì mú ṣáṣá. Johan Sundberg, onímọ̀ ará Sweden, ló ṣàlàyé èyí. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí á tètè yé: gúdúgúdú ló kéré jù, síbẹ̀ ìyáàlù kò lè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èémí wá ni ìpìlẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí egungun ìhà wà ní fífẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, kí èémí lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, láti ẹnu olùkọ́ sí etí ọmọ iṣẹ́. Ìmọ̀ yìí ni UNESCO kọ sílẹ̀.

Àmọ́ mo rí Pavarotti, gbajúmọ̀ olórin ọ́pẹrà ará Ítálì, níwájú máìkì.

Ìyẹn ti Rome ní 1990, pẹ̀lú Domingo àti Carreras, olórin ọ́pẹrà bíi tirẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n wà, kò sí òrùlé àti ògiri tó máa dá ohùn padà.

Ṣé àwọn ará Ítálì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?

Rárá. Bí ohùn obìnrin bá ti gòkè dé ibì kan, "a", "e" àti "i" á máa jọra. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Toronto ní 1983 ni wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ orin sókè ìtàgé.

Ṣé UNESCO ń san owó fún wọn?

Àwọn olórin kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi ń fara wé wọn nílé. Ṣé ó léwu?

Ó lè léwu bó bá ń fi ipá ṣe é. Bí ọkùnrin olóhùn òkè bá dé ibi tó ga jù nínú orin rẹ̀, tán-án-ná rẹ̀, ìyẹn awẹ́ méjì inú gògóńgò tó ń mú ohùn jáde, ń pàdé ara wọn ju ìgbà 500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí kò kọ́ ọ, tó ń tipá gbé ohùn lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, kókó lè yọ lára tán-án-ná rẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń dùn ún, kó dákẹ́. Bí ohùn ọmọkùnrin bá ń yí padà, kó máa kọrin jẹ́jẹ́. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀.

Orógbó ńkọ́?

Ohun tí a bá gbé mì, ikùn ló ń lọ. Kì í gba ara tán-án-ná kọjá. Omi mímu déédéé àti ìsinmi ni ẹ gbára lé.

Níbo la ti lè kọ́ ọ?

Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, l'Ékòó, ń kọ́ni ní irú orin kíkọ yìí. Bí ẹ bá sì lọ gbọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ láìsí máìkì, ẹ má du ìjókòó iwájú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ohùn náà dé.