Kí ló dé tí ewì Yorùbá kò fi ìró ìparí ṣe ìlù rẹ̀?

Ṣí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá, o máa rí àmì kan lórí orin: C.M., L.M., tàbí 8.7.8.7. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ bá wíwọn ewì pàdé. Ní C.M., sílébù mẹ́jọ ni ìlà kìíní, mẹ́fà ni èkejì, mẹ́jọ, mẹ́fà, ní L.M., mẹ́jọ ni gbogbo wọn. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn orin tiwọn. Sílébù pé, àmì ohùn ni ò pé: ọkọ́ tí a fi ń roko lè di ọkọ lẹ́nu akọrin.

Ọgbọ́n fífi òṣùwọ̀n òyìnbó wọn ewì wa yìí náà ló wọ kíláàsì. Olùkọ́ wa kan n'Ífẹ̀ ní ká fàlà sábẹ́ ìró tó parí ìlà oríkì, ká wò ó bóyá wọ́n bára mu. A wá a títí, a ò rí i. Ó ní ewì náà kù díẹ̀ káàtó, àtúnwí sì pọ̀ jù nínú rẹ̀! Onídùndún tó ń lùlù l'Ẹ́nuwá nígbà náà ì bá ti là á yé e.

Adébóyè Babalọlá, onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá, ti tẹ ìwé nípa ìjálá, ewì àwọn ọdẹ, jáde ní 1966. Ọdún kejì rẹ̀ ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò n'Íbàdàn wá sílé. Nígbà tó di 1975, ẹ̀ka èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà dá dúró níbẹ̀, Wándé Abímbọ́lá ọmọ Ọ̀yọ́ ló darí rẹ̀, ẹsẹ Ifá sì di ohun tí a ń tú palẹ̀ ní kíláàsì. Ẹni tí wọ́n dífá fún á máa yin awo rẹ̀, "ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni awo òun wí", orúkọ awo tó ṣí ẹsẹ á sì tún jáde. Àwítúnwí lorúkọ ohun tí olùkọ́ wa ń pè ní àpọ̀jù.

Ohùn wá ńkọ́? Gbọ́ òwe ìlù ògìdìgbó: "Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n." Sílébù méje méje ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ lóhùn àárín, ó wá lo ohùn òkè lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀mọ̀ràn wà lóhùn ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Jó o" wá láti òkè bọ́ sáàárín, "mọ̀ ọ́n" gun òkè láti ìsàlẹ̀. Fi ọlọ́gbọ́n sí ibi méjèèjì, ìtumọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ìlù ti ya.