Ṣé HR Náà Gba Oyè Másítà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gba oyè másítà nínú àbójútó òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní HR. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fowó ṣòfò, pé ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn lò ti mọ HR. Kí ni kí n fi dá a lóhùn?

Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Kò sẹ́ni tí kì í bá èèyàn lò, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbà pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ tí oyè yìí ń ṣe ni pé ó ń yẹ ohun tá a gbà pé a mọ̀ wò, bóyá òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ íńtáfíù. Kí n tó lọ kàwé sí i, mo wà lára èèyàn mẹ́ta tó ń gba òṣìṣẹ́ nígbà kan. Ọkùnrin kan wọlé tẹ̀rín tẹ̀rín, ó kí wa bó ṣe yẹ. Kò pẹ́ tí òun àti ọ̀gá wa fi mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà làwọn jọ lọ, ni ọ̀rọ̀ bá di ti olùkọ́ ìṣirò tó máa ń na gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá, ọkùnrin yìí ti gbaṣẹ́. Obìnrin tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè ọ̀tọ̀ la bi í, èyí tó le jù ni pàápàá. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí mo wá dé kíláàsì, olùkọ́ ní ká kọ ìbéèrè mẹ́fà tí gbogbo ẹni tó wá wáṣẹ́ máa dáhùn, láìyí ọ̀kan padà. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, a gbọ́dọ̀ ti kọ irú ìdáhùn tó máa gba máàkì 1, èyí tó máa gba 3, àti èyí tó máa gba 5. Lẹ́yìn tá a gbọ́ ẹni àkọ́kọ́, oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ sínú ìwé láìsọ̀rọ̀. Mo fún un ní 5. Ẹni tó jókòó tì mí fún un ní 2. Ọ̀rọ̀ kan náà la sì jọ gbọ́ o! Nígbà tí wọ́n ní kí n ṣàlàyé 5 tèmi, ohun tí mo rí sọ kò ju pé ọ̀rọ̀ dá a lẹ́nu lọ.

Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, kó ìwádìí ọdún 85 jọ láti mọ ohun tó lè fi ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa hàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Íńtáfíù tó ní ètò bí èyí tá a ṣe ní kíláàsì borí èyí tí wọ́n kàn fi ń tàkúrọ̀sọ. Iye ọdún téèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò sọ ohun púpọ̀. Ní ti wíwo bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé láti fi mọ̀ ọ́n, òfo ni.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ohun tí mo ti kọ́ nígbà oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n máa tún gbé wá?

Àwọn àkòrí lè jọra: ìgbanisíṣẹ́, owó oṣù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òfin iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín ló yàtọ̀. Nígbà oyè àkọ́kọ́, ẹ lè ka Schmidt àti Hunter, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Ní báyìí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún ka iṣẹ́ tí Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2022. Sackett àtàwọn yẹn ní bí àwọn onímọ̀ ìṣáájú ṣe tún nọ́ńbà tó ń fi agbára ọ̀nà kọ̀ọ̀kan hàn ṣe ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìṣirò tiwọn, ìdánwò làákàyè wálẹ̀ gan-an, íńtáfíù tó ní ètò ló wá bọ́ sókè. Iṣẹ́ yín ni láti sọ ohun tó fa àríyànjiyàn yẹn àti ẹni tẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù rèé. Mark Huselid, onímọ̀ HR kan, wo ilé iṣẹ́ 968 ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1995. Ibi tí wọ́n ti ń fara balẹ̀ gba òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́, tí owó sì ń bá iṣẹ́ rere rìn, òṣìṣẹ́ kì í tètè kúrò níbẹ̀, èrè sì ń pọ̀. Ẹ wo bí inú àwọn oníṣẹ́ HR á ṣe dùn tó! Ṣùgbọ́n ṣé ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ló mú owó wọlé ni, àbí ilé iṣẹ́ tó ti lówó lọ́wọ́ ló rí nǹkan fi tọ́jú òṣìṣẹ́? Ní 2005, Patrick Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé nínú èyí tó pọ̀ jù, èrè tó ti wọlé kọjá ni wọ́n fi wé ètò òṣìṣẹ́ tí wọ́n béèrè nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ètò tòní ò sì lè mú èrè àná wọlé. Èyí ò sọ pé irọ́ ni Huselid pa. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí yẹn gbowó lọ́wọ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti mẹ́hẹ.

Ìbéèrè: Ìṣirò ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ó pọ̀ níbẹ̀?

Ó wà, àmọ́ ìṣirò inú rẹ̀ kọ́ ló le jù. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ 200, tí 30 sì lọ láàárín ọdún kan. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ọmọdé lè ṣe é. Ọ̀gá á ní ká fi kún owó oṣù. Ẹ wá tú 30 yìí sílẹ̀, ẹ rí i pé 24 nínú wọn ò lò tó oṣù mẹ́fà, àti pé abẹ́ alábòójútó kan ṣoṣo ni 20 nínú àwọn 24 náà wà. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ti kúrò ńlẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta ni HR ń ṣiṣẹ́ fún, ọ̀gá ni àbí òṣìṣẹ́?

Ilé iṣẹ́ ló ń sanwó oṣù HR, ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ń tan yín. Àmọ́ ìbéèrè yìí ti wà látìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú York lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, ìtọ́jú òṣìṣẹ́ inú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ yẹn ló di CIPD lónìí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ HR nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì ṣáájú ni Frederick Taylor, ẹnjiníà kan, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, tó ní kí wọ́n máa fi aago wọn iṣẹ́ kí wọ́n lè mọ ọ̀nà kan ṣoṣo tó yá jù. Ọ̀nà méjèèjì yìí ò tíì pínyà dòní. Ní 1984, àwọn onímọ̀ Michigan ní kí òṣìṣẹ́ bá ètò ilé iṣẹ́ mu bíi gbogbo ohun èlò yòókù. Lọ́dún kan náà, àwọn ti Harvard ní ọ̀rọ̀ náà kan òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjọba àti àwùjọ.

Èmi ò gbàgbé ohun tí Alan Fox, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1966. Ó ní àwọn kan ń wo ilé iṣẹ́ bí agbo kan ṣoṣo tí ìfẹ́ inú gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣàtakò, aláìgbọràn ni. Àwọn mìíràn gbà pé ohun tí oníkálukú ń wá níbẹ̀ yàtọ̀, pé ìjà á wà, ká kàn mọ bá a ṣe máa parí rẹ̀. Látìgbà tí mo ti kà á ni etí mi ti ń dún tí ilé iṣẹ́ bá ní "ẹbí kan ni gbogbo wa." Ẹbí wo ló ń lé ọmọ síta nítorí pé ọjà ò tà?

Ìbéèrè: Másítà, MBA, àbí ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ oníṣẹ́, èwo ni kí n mú?

Nínú MBA, ìyẹn oyè másítà nínú àbójútó okòwò, HR kàn jẹ́ kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì láàárín ọ̀pọ̀. SHRM-CP, ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ HR ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ni, kì í ṣe oyè yunifásítì. Àwọn oyè másítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òǹtẹ̀ CIPD, tó fi jẹ́ pé ẹ máa pa ẹyẹ méjì pọ̀. Ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ oyè tàn yín, ẹ ka àkójọ kọ́ọ̀sì rẹ̀ dópin.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí ńkọ́?

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń há. "Ipa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ òṣìṣẹ́" ti tóbi jù. Ẹ ò ní parí ẹ̀. "Kí ló dé táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka kan ṣe ń lọ kí ọdún tó pé" ṣeé ṣe. Kẹ́ ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ rí i dájú pé ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà ti gbà, ní kíkọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí náà á béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa bo àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀ láṣìírí, torí òṣìṣẹ́ tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òun máa dé etí ọ̀gá ò ní sòótọ́.

Fífi orúkọ pa mọ́ nìkan ò tó. Tẹ́ ẹ bá kọ "obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún", tó sì jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀ka ẹlẹ́ni mẹ́rin náà, orúkọ rẹ̀ lẹ kọ yẹn. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kan ló jẹ́ kí n yọ odidi ojú ewé kan kúrò nínú tèmi, nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí mo máa fi sílẹ̀.