Ibi tí àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà ti máa ń kú sí

Kánsù kan wà ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ń jẹ́ Atisbo, Tede ni olú-ìlú rẹ̀. Nígbà tí ìwé òfin 1999 jáde, "Atigbo" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì kọ o, àmọ́ ó di 2023 kó tó ṣeé tún ṣe, torí pé láti yí "g" yẹn sí "s", ó gba ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣojú-ṣòfin, ó gba ti Sẹ́nétì, ó gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lù ú ní oṣù kẹta ọdún náà. Wéréwéré kọ́ ni wọ́n ń tún ìwé òfin yìí ṣe.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń bí èèyàn nínú tí wọ́n bá ní kí Ààrẹ kúkú yí ìwé òfin padà ká sinmi, tàbí kí wọ́n tún pe àpérò àpapọ̀ míì. Ibi tí èrò yẹn ti wá ò pamọ́. Láti 1967 títí di 1996, ṣọ́jà ló fi àṣẹ dá gbogbo ìpínlẹ̀ 36 tá a ní lónìí sílẹ̀, èèyàn á sùn ní Oǹdó á jí ní Èkìtì, kò sẹ́ni tó dìbò. Ìwé òfin 1999 gan-an, dìkírì nọ́ńbà 24 ti Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló gbé e jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Àwa èèyàn" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti wá mọ́ wa lára pé ẹnì kan á sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀, nǹkan á sì yí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpérò 2014 tí Adájọ́ Idris Kutigi darí, aṣojú 492 ló jókòó síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n kó jọ lé ní 600, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ò lè wọ inú ìwé òfin àfi tó bá gba abala 9 kọjá, ìyẹn ibi tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ti Abùjá nínú abala 9 ò le láti lóye. Kíka bíìlì, kọmítì, ìpàdé ìta gbangba, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bíìlì yòókù, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tó yàtọ̀ ni iye ìbò: 240 nínú ọnarébù 360, àti 73 nínú sẹ́nétọ̀ 109. Gbogbo àga ni wọ́n sì ń kà, kódà èyí tó ṣófo. Ẹni tó kú, ẹni tí kóòtù yọ, ẹni tó rin ìrìn àjò, ẹni tó kàn jókòó sílé, gbogbo wọn wà nínú ìṣirò, tó túmọ̀ sí pé ẹni tí ò wá ti dìbò "rárá" nìyẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022 ni bíìlì àwọn obìnrin àti ti ìdìbò àwọn tó wà lókè òkun ṣubú síbẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin sì kó ara wọn jọ sẹ́nu géètì ilé aṣòfin láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ìpele tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ìpele tí ìròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ìyẹn ti àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí rí á tètè mọ bó ṣe rí. Olórí ẹbí ti gbà, àwọn àgbà ti gbà, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àmọ́ ìdí-igi kan ò tíì fọwọ́ síwèé, ẹni tó mọ̀ nǹkan ò sì ní sanwó sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dáni lágara jù níbẹ̀ ni ẹni tí ò sọ pé òun ò gbà, kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n pè é lórí fóònù á ní òun ṣì ń wo ìwé náà, ọdún á gorí ọdún, ilẹ̀ ò ṣeé tà. Ìdí-igi tó bí ọmọ kan àti èyí tó bí méjìlá, ọwọ́ wọn dọ́gba lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bayelsa tó ní aṣòfin 24 àti Èkó tó ní 40, ìpínlẹ̀ kan, ohùn kan.

Ìṣirò 24 yìí gbọ́n o, kò yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà ní Àríwá, 17 ní Gúúsù. Bí gbogbo Àríwá bá para pọ̀, wọ́n ṣì nílò márùn-ún láti Gúúsù. Bí gbogbo Gúúsù bá para pọ̀, wọ́n nílò méje láti òkè. Kò sí apá kan tó lè dá ìwé òfin kọ fún ìyókù, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rù ara wa ń bà wá báyìí, ohun rere ni. (Àwọn ará Abùjá nìkan ni ò ní ohùn kankan níbẹ̀, torí wọn ò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀.)

Ibi tó ti wọ́ ni pé abala 9 ò fún àwọn ìpínlẹ̀ ní gbèdéke. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn, kò sì sí ìyà tí wọ́n bá dákẹ́. Bíìlì 44 ló kúrò l'Ábùjá lọ́dún 2022, ó di oṣù kẹwàá, igbákejì ààrẹ Sẹ́nétì nígbà yẹn, Ovie Omo-Agege, bọ́ síta ó ní ìpínlẹ̀ 11 péré ló ti dáhùn. Ẹgbẹ́ àwọn olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ti kọ̀wé pé àfi kí Abùjá kọ́kọ́ gbé bíìlì mẹ́rin kan yẹ̀ wò ná, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà lára wọn. Ní oṣù kìíní 2023, 35 nínú 44 ti rí 24 wọn. Òmìnira kánsù ò rí i. Ó ti ṣubú sí ibì kan náà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú.

Ẹ má wá ọ̀nà jíjìn lọ o, gómìnà ni. Aṣòfin ìpínlẹ̀ tí owó iṣẹ́ ilé rẹ̀ ń gba ọ́fíìsì gómìnà kọjá, báwo ló ṣe fẹ́ dìbò kí owó kánsù bọ́ lọ́wọ́ gómìnà? Ní 2010, wọ́n gbé àtúnṣe tó máa dá owó àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sí ọ̀tọ̀ lọ bá wọn, àwọn fúnra wọn ló kọ̀ ọ́! Ó di 2018 kí ti wọn tó kọjá. Ti kánsù, kóòtù tó ga jù lọ ló dá sí i ní oṣù keje 2024, ó ní kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù. Ohun tí ìbò ò rí ṣe, adájọ́ ló ṣe é, èyí ò sì dáa tó fún ìjọba aráàlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ náà dáa.

Ti Ààrẹ kúrú. Abala 9 ò dárúkọ rẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ kóòtù ní 2010, kóòtù ní Ààrẹ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu àtúnṣe, Jonathan sì buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2011. Ní 2015 ó kọ̀. Inú bíìlì kan ṣoṣo ni wọ́n sì kó gbogbo àtúnṣe sí, torí náà gbogbo ẹ̀ ló kú pa pọ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2006: ọ̀rọ̀ sáà kẹta Ọbásanjọ́ wà nínú ìdì tó ní àtúnṣe tó lé ní 100, Sẹ́nétì da gbogbo ìdì nù. Láti 2017 ni wọ́n ti gbọ́n, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bíìlì tiẹ̀. Òun ló jẹ́ kí Buhari lè mú 16 ní 2023 kó fi ìyókù sílẹ̀, tí Ẹ̀gbádò North àti South fi di Yewa, tí àwọn ìpínlẹ̀ fi gbàṣẹ láti ṣòfin lórí rélùwéè àti iná mànàmáná títí dé ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé.

Gbèdéke ló kù, kí ìpínlẹ̀ tí ò bá dáhùn láàárín oṣù mélòó kan jẹ́ ẹni tó gbà. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n abala 9 fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì pa jù, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń béèrè kéèyàn tó fọwọ́ kàn án: ọnarébù 288, sẹ́nétọ̀ 88, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, lára àwọn tó ń jẹ èrè ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.