Ọ̀já Kọ́ Ló Ń Mú Ẹsẹ̀ Ọmọ Wọ́

"Ìyá ọmọ, ẹ sọ ọmọ yìí kalẹ̀ o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ ni?" Kò sí obìnrin tó ń pọnmọ jáde ní Àbújá tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ ní ọjà Wuse, ó lè jẹ́ ní ìdíkọ̀ Berger, tàbí lórí ìlà níwájú báńkì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló máa sọ ọ́, yóò sì na ìka sí itan ọmọ tó là mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Nyanya àti Lugbe, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé débi pé àwọn abiyamọ tuntun kan ń fi ọ̀já pamọ́ sílé. Wọ́n á gbé ọmọ lọ́wọ́ yí gbogbo ọjà ká títí apá á fi fẹ́ já.

Mi ò rò pé ìkà ni ẹni tó ń kìlọ̀ yẹn. Ìfẹ́ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyá nìkan kọ́ ló ni ọmọ. Àmọ́ ohun tó ń sọ kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa àwọn ọmọ kan lára ní Àríwá yìí, nítorí ó ń jẹ́ ká máa wo ọ̀já nígbà tó yẹ ká máa wo abọ́ oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Àyè kò tó nínú ilé ọmọ. Ọmọ á ká ẹsẹ̀ kò, á fi kan lé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ìkókó fi máa ń tẹ̀: bí ẹ bá mú ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì kanra, orúnkún kò ní kanra. Ó máa ń hàn sí i nígbà tí ọmọ bá ń kọ́ ìrìn, torí ìgbà yẹn la tó rí i lórí ìdúró. Bó bá ń sún mọ́ ọdún 2, ẹsẹ̀ á ti máa nà. Kò ní dúró síbẹ̀ o. Láàárín ọdún 3 sí 4 ni yóò yí sí òdìkejì, tí orúnkún á máa gbára, tí ọrùn ẹsẹ̀ á wá jìnnà síra, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní K-leg. Nígbà tí ọmọ bá fi máa tó ọdún 7 tàbí 8, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti rí bí yóò ṣe rí dàgbà.

Salenius àti Vankka, àwọn dókítà méjì ní Finland, wo igun orúnkún àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, wọ́n sì gbé e jáde ní 1975. Ìlànà tí mo sọ yìí gan-an ni wọ́n rí. Finland mà ni o, níbi tí ìyá ti ń gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, tó ń tì í lọ. Ta ló fi ọ̀já so wọ́n níbẹ̀?

Ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé kò ṣòroó rí. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ fi máa ń tẹ̀ náà ni ìgbà tí à ń pọn ọmọ jù. Ojú rí ọ̀já, ojú rí ẹsẹ̀ títẹ̀, ọkàn so méjèèjì pọ̀. Ṣé àwọn Hausa kọ́ ló ń ṣe goyo, ìyẹn pípọnmọ, láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni? Ṣé àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ Àbújá yìí, tí obìnrin wọn ń gbé igi àti omi léjìká dípò orí, kì í pọn ọmọ sẹ́yìn wọn ni? Bó bá jẹ́ ọ̀já ló ń mú ẹsẹ̀ wọ́ ni, kò yẹ kí ẹsẹ̀ títọ́ kan ṣẹ́ kù láti Àbújá dé Kánò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, tó ń fi omi gbígbóná àti òrí tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń fà á kó lè nà. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà, ọwọ́ ìyá àgbà la máa yìn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà ì bá nà fúnra rẹ̀. Ìfọwọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dùn mọ́ ọmọ, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi agbára fa ẹsẹ̀ ọmọ tuntun, tàbí kí a nà án gbọọrọ, ká fi aṣọ dì í pinpin kó má baà wọ́, ewu wà níbẹ̀, oríkèé ìgbáròkó ni ewu náà sì wà.

Orí eegun itan rí roboto, inú kòtò kan ní ìgbáròkó ló ń jókòó sí. Lára ìkókó, kòtò yẹn kò tíì jìn, kò sì tíì le. Bí itan bá ká sókè tó sì là sí ẹ̀gbẹ́, orí eegun á jókòó dáadáa sínú rẹ̀. Bí a bá na ẹsẹ̀ méjèèjì tí a dì wọ́n pọ̀, ó lè yẹ̀ kúrò. Ní Japan, irú dídì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nígbà kan, ìgbáròkó yíyẹ̀ sì pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wọn. Ní nǹkan bí 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí àwọn ìyá jáwọ́, yíyẹ̀ náà sì dín kù gidigidi. Títí dòní, bí ìgbáròkó ìkókó kan bá fẹ́ yẹ̀, okùn àmúró tí wọ́n ń pè ní Pavlik harness ni àwọn dókítà máa ń fi há a. Á ká orúnkún ọmọ sókè, á la itan rẹ̀ sí méjì. Ẹ wá wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀: ìjókòó kan náà ni. Ní ilé ìwòsàn eegun kan ní Blantyre, lórílẹ̀-èdè Malawi, níbi tí pípọnmọ ti jẹ́ àṣà bíi tiwa, àwọn dókítà yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 10 wò, ti ọmọ tó ju 40,000 lọ. Wọn kò rí ìkókó kan ṣoṣo tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí àìsàn ìgbáròkó yìí.

Bó bá jẹ́ àpò tí a ń gbé kọ́ àyà lẹ ń lò, kí ìdí rẹ̀ gbòòrò kó lè gbé itan ọmọ dé orúnkún, kí ẹsẹ̀ má kàn máa rọ̀ dirodiro. Mo ń rí àwọn bàbá tó ń gbé e kiri ní Gwarinpa àti létí adágún Jabi. Àwọn kan á pàtẹ́wọ́ fún wọn, àwọn mìíràn á béèrè ibi tí ìyàwó wọn lọ. Inú mi máa ń dùn sí àwọn bàbá yẹn.

Ó wá ku ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ lóòótọ́ tí kò sì nà. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀ ní Àríwá ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ, ní Jos àti ní àwọn abúlé kan ní Kaduna. Rickets ni orúkọ àrùn náà. Eegun ọmọ kò rí ohun tó máa fi le, ó rọ̀, ìwúwo ara sì ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a kọ́ nílé ìwé ni pé àìrí oòrùn ló ń fà á, nítorí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni oòrùn wọ́n ní Jos? Dókítà Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos mú ọmọ 123 tó ní rickets, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba fítámì D, àwọn kan gba calcium, èròjà inú oúnjẹ tó ń mú eegun le, àwọn tó kù gba méjèèjì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999: àwọn tó gba calcium, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Calcium tí àwọn ọmọ náà ń rí jẹ lójúmọ́ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200. Ohun tí àwọn onímọ̀ àgbáyé kà sí èyí tó tó ọmọdé ju 500 lọ.

Ẹ wo bí oúnjẹ ọmọ ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú. Ògì láàárọ̀, tuwo àgbàdo lálẹ́. Àgbàdo kò ní calcium tó nǹkan, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀ sì tún máa ń di ìwọ̀nba tó wà mú, kí ara má lè rí i lò. Ọmú tó ń fún un ní calcium ti lọ, owó mílíìkì sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ẹsẹ̀ ọmọ ń tẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹbí sì ń bá ìyá rẹ̀ wí nítorí ọ̀já tó ti wà nínú àpótí tipẹ́. Wọ́n bá a wí tán, wọ́n gbà pé àwọn ti mọ ohun tó fà á, kò sì sí ẹni tó ní kó gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí rickets ṣeé wò. Bí wọ́n bá tètè mú un, calcium fún oṣù mélòó kan á jẹ́ kí eegun le, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ á sì nà láìsí abẹ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí eegun fi dàgbà sórí wíwọ́, ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló máa kù.

Àmì tó yẹ kó gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 2 dípò kó máa nà, ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀ nígbà tí èkejì tọ́, ọrùn ọwọ́ tó wú tó sì gbòòrò, kókó kéékèèké tó tò sí ìhà, tàbí ọmọ tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ tó wá padà sí jíjókòó. Ní ti oúnjẹ, ohun tó ní calcium kò jìnnà sí wa níbí. Ewé kúkà gbígbẹ tí àwọn Hausa fi ń se miyan kuka ní in dáadáa. Nono náà ní in, bẹ́ẹ̀ ni wàrà, yànmọ̀tí, àti ẹja kéékèèké tí a bá lọ̀ tòun teegun sínú ọbẹ̀ ọmọ.

Wọ́n tún máa ń sọ pé pípọ̀n ń ba ọmọ jẹ́, pé á mọ́ ọn lára, kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní Montreal ní 1986, Hunziker àti Barr ní kí àwọn ìyá kan máa gbé ọmọ wọn sí i lójúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ 6, ẹkún wọn dín ní ìdá 43 nínú 100 sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nílé wa níbí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAU ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè 5 tó wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò 1.8 nígbà tí wọ́n bí wọn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Gbígbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé ìyá láyà, kí ara kan ara láti kété tí a bí i, dín ikú wọn kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá so ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé mọ́ àyà ìyá, kí ẹbí má fà á kúrò.

Ìkìlọ̀ àjèjì kan wà tó yẹ ká gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ìyá ọmọ, orí ọmọ ti ṣubú sẹ́yìn!" Ẹni tó pariwo yẹn ṣe wá lóore. Ẹ dúró, ẹ fa aṣọ náà sókè dé ìpàkọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, àyà ló yẹ ẹ́, níbi tí ẹ ó ti máa rí ojú rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ má tẹ̀ mọ́ àyà, kí èémí lè máa lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, a máa ń fẹ́ fi aṣọ bo ọmọ lójú nítorí eruku. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, a tún ń bò ó nítorí oòrùn. Kí imú ọmọ má ṣe sí nínú aṣọ rárá. Nínú mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ NAPEP, ẹ sọ̀ ọ́ kúrò lẹ́yìn kí ẹ tó jókòó, torí bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ara ìyá á tẹ ọmọ mọ́ ìjókòó. Ìyá tó ń din kosai, ìyẹn àkàrà, létí títì, kí ó fi ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn títí epo á fi kúrò lórí iná.

Bí ọmọ bá sì já lẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo orí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa pé ọmọbìnrin tó já lẹ́yìn ìyá rẹ̀ á máa pàdánù ọkọ lè mú kí ìyá fi ìṣubú náà pamọ́, ọmọ tó forí gbálẹ̀ kò sì ní àkókò àṣírí.

Kò rọrùn láti dá àgbà lóhùn láàárín ọjà, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá wọn jiyàn. "Ẹ ṣé mà, ẹ kú àníyàn ọmọ. Kò tíì pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nà." Ìyẹn ti tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kìlọ̀ náà, bí ẹ bá rí ọmọ tó ti ju ọdún 2 lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ gan-an, ẹ bá mi bi ìyá rẹ̀ ní ohun tó ń jẹ, kí ẹ sì sọ fún un pé dókítà àwọn ọmọdé wà ní National Hospital, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Gwagwalada pẹ̀lú. Fọ́tò X-ray ọrùn ọwọ́ àti orúnkún pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.