Òǹkàwé Kì Í Di Òǹkọ̀wé Nínú Ìtàn Hypertext

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ìtàn hypertext, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kórìíra rẹ̀: pé nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tí èèyàn ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti bọ́ sí ojú-ewé mìíràn, òǹkàwé ló di òǹkọ̀wé. Wọ́n ní ńṣe ni ẹni tó kọ ọ́ kàn da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ, kí kálukú ṣa èyí tó wù ú. Àwọn kan fi ń yìn ín, àwọn kan fi ń bú u. Tọ̀tún tòsì wọn ló ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó lókìkí jù lọ nínú wọn, afternoon, a story, tí Michael Joyce ará Amẹ́ríkà kọ. Ọdún 1987 làwọn èèyàn kọ́kọ́ rí i. Ilé-iṣẹ́ Eastgate Systems sì gbé e jáde ní 1990. Peter ló ń sọ ìtàn náà. Ó rí ìjàǹbá ọkọ̀ kan, ẹ̀rù sì ń bà á pé ó lè jẹ́ ọmọkùnrin òun àti ìyá ọmọ náà, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti kọra wọn sílẹ̀, ló fara gbá a.

Ojú-ewé 539 ló wà nínú rẹ̀, líǹkì 951 ló so wọ́n pọ̀. Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Ká ní lóòótọ́ ni òǹkàwé lè ti ibikíbi já sí ibikíbi, ojú-ewé kọ̀ọ̀kan á ní ọ̀nà lọ sí 538 yòókù, líǹkì á sì lé ní 289,000. 951 péré ni Joyce là. Bí a bá pín in, kò tó méjì fún ojú-ewé kan. Gbogbo ọ̀nà tó kù, òun ló yàn láti má là wọ́n.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ẹ̀ṣọ́ tó fi sẹ́nu àwọn ọ̀nà kan. Storyspace, ètò kọ̀ǹpútà tí òun, Jay David Bolter àti John B. Smith jọ ṣe, gbà kí òǹkọ̀wé fi àdéhùn de líǹkì: bí o kò bá tíì ka ojú-ewé báyìí, ọ̀nà yìí kò ní ṣí fún ọ. Joyce kò sì fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ní líǹkì, kò kùn wọ́n láwọ̀. Ìwọ á tẹ ọ̀rọ̀ kan, á gbé ọ lọ síbì kan. Nígbà tó o bá tún padà tẹ̀ ẹ́, ó lè gbé ọ gba ibòmíì. O lè rò pé kọ̀ǹpútà ló ń pò ó bó ṣe wù ú, tàbí pé ìwọ lo ń dá ìtàn tìrẹ sílẹ̀. Rárá o. Peter ń pe ẹni tibí, ó ń pe ẹni tọ̀hún, síbẹ̀ ó ń sá fún ohun tó fẹ́ mọ̀. Ojú-ewé tó sún mọ́ òótọ́ ìjàǹbá náà jù, "white afternoon", ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ ló wà. Òǹkàwé náà á máa yí po bíi Peter kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ní òǹkàwé ló kọ ìyẹn ń gba iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Èmi náà ti fi Twine, ètò kọ̀ǹpútà fún kíkọ irú ìtàn yìí tí Chris Klimas gbé jáde ní 2009, kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé oríta kọ̀ọ̀kan á ní ọ̀nà méjì, láìsí ìpàdé. Mo wá ṣírò rẹ̀: bí òǹkàwé bá máa gba oríta mẹ́wàá péré kọjá kó tó parí, ìparí ìtàn á di 1,024, gbogbo ojú-ewé tí màá kọ á sì jẹ́ 2,047! Ìdí nìyẹn tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń mú kí ọ̀nà tó pínyà tún padà pàdé, kí kọ̀ǹpútà sì máa rántí ohun tí òǹkàwé ti yàn, kí ó lè hàn níwájú.

Òǹkàwé ní iṣẹ́ tirẹ̀, n kò jiyàn. Ẹni tó bá ka ìjà tọkọtaya kan kó tó ka ìfẹ́ wọn kò ní rí wọn bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ dá Ifá, tó gbọ́ ẹsẹ tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, á ní tòun gan-an nìyẹn. Kò ní sọ pé òun lòun ṣẹ̀dá odù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe to irú ìtàn yìí, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ ojú-ewé tí ẹ bá dé, kí ẹ fi ọfà so wọ́n. Ẹ wo ibi tí ọfà pọ̀ sí jù. Nínú ìtàn tèmi, ojú-ewé ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni: ọfà mẹ́sàn-án ló wọlé síbẹ̀, ẹyọ kan ló jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi to ibẹ̀ yẹn nìkan.