Iṣu ń sùn, àgbàdo ń dúró de òjò: kí ni wọ́n ń pè ní dormancy?

Lọ́dún tí mo fẹ́ gbọ́n ju àwọn àgbà lọ, Oṣù Kọkànlá ni mo gbin iṣu. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkòlé-Èkìtì ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ru iṣu dé láti oko, mo yọ mẹ́ta níbẹ̀, mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, orí, àárín àti ìdí, mo fi eérú ra ojú ibi tí ọ̀bẹ kọjá, mo kọ ebè 9. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń pọn omi kànga sí wọn. Èrò mi ni pé bí omi bá ti wà, kí ni iṣu tún ń dúró dè? Ọ̀sẹ̀ 6 kọjá, kò sí èhù kan ṣoṣo. Mo wú ebè kan wò. Ẹ̀bù náà wà bí mo ṣe gbìn ín gan-an, eérú ṣì wà lójú rẹ̀. Kò jẹrà, kò sì hù. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Dá a padà síbẹ̀. Ó ń sùn ni. Omi kọ́ ló máa jí i."

Ohun tí ìyá mi sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè ní dormancy. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oorun irúgbìn. Kóró tàbí iṣu náà wà láàyè, ilẹ̀ wà, omi wà, ooru tó yẹ wà, síbẹ̀ kò ní hù, torí pé inú òun fúnra rẹ̀ ni ohun tó dá a dúró wà. Ibi "inú òun fúnra rẹ̀" yẹn ni kí ẹ dì mú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ẹ wo àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ sókè ààrò. Ó lè wà níbẹ̀ láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà tí òjò yóò tún bẹ̀rẹ̀, kò ní hù. Ṣùgbọ́n ẹ já a sílẹ̀ lónìí, ẹ sọ ọ́ sínú ilẹ̀ tútù, ọ̀sẹ̀ kan lè má pé tí yóò ti yọrí. Omi nìkan ló ṣaláìní. Àgbàdo ò sùn, ó ń dúró ni. Ti iṣu yàtọ̀. Ẹ wọ inú àká lóṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, tí ẹnikẹ́ni ò rí òjò. Inú òkùnkùn ni iṣu wà, kò sí erùpẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sí omi lára rẹ̀, èhù á sì ti yọ lórí rẹ̀, òmíràn á gùn tó ìka. Nígbà tí mo fún un lómi, ó kọ̀. Nígbà tí ẹnì kankan ò fún un ní nǹkan kan, ó jí. Ó ní ohun tó fi ń ka ọjọ́ nínú ara rẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i ló kọ́ ọ lónkà yẹn. Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá. Àwọn baba ńlá iṣu tó wà nínú igbó kí ẹnikẹ́ni tó kọ ebè, ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé á pọ́n, ìtàkùn á gbẹ, iná ọdẹ lè jó kọjá lórí ilẹ̀, iṣu á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tó ti kó pamọ́ látìgbà òjò. Èyí tó bá jí ní kété tí ilẹ̀ rọ̀ fún òjò kan ṣoṣo tó ṣèèṣì rọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dá á pa èhù rẹ̀. Èyí tó sùn dáadáa ló ń bímọ sílẹ̀. Báyìí ló ṣe di ìwà ìdílé. Kì í ṣe pé iṣu jókòó, ó gbèrò. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé.

Iṣu funfun tí a fi ń gún uyán (ẹ jẹ́ kí n pè é bí a ṣe ń pè é nílé) a máa sùn tó oṣù 3 sí 4 lẹ́yìn tí a bá wà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé èyí tí a tètè wà nígbà ọdún Ìjẹṣu kì í tètè jí torí ìyẹn. Oorun tirẹ̀ ló máa ń gùn jù, débi pé òun àti èyí tí a wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra lọ́jọ́ tí wọ́n ń hù. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ́ kàn án ló ń kà.

Kí ló ń ṣe nínú oorun náà? Ọ̀dùnkún òyìnbó ní ojú lára, ibi tí èhù yóò ti yọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ yẹ iṣu wò títí, ẹ ò ní rí ojú. Abẹ́ èèpo, lápá orí, ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ojú náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àfìgbà tó bá sì mọ ọ́n tán ni a tó lè rí nǹkan kan níta. Nítorí náà, iṣẹ́ ń lọ lábẹ́ èèpo nígbà tí àwa rò pé kò sí nǹkan kan. Àwọn onímọ̀ tún rí ohun kan tó ṣàjèjì. Gibberellin, èròjà kan tó máa ń jí ọ̀pọ̀ irúgbìn mìíràn dìde, tí wọ́n bá fi í pa iṣu lára, ńṣe ló ń mú kí oorun rẹ̀ gùn sí i.

Gbogbo ohun ọ̀gbìn kọ́ ló ń sùn bí iṣu funfun. Ìgángán, irú iṣu tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, oorun tirẹ̀ kò gùn rárá. Kòkó kì í sùn ní tiẹ̀: igbó Amazon, níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró, ló ti wá, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kóró rẹ̀ bá pẹ́ jù nínú èèpo, ibẹ̀ ló ń hù sí. Bí ẹ bá sá a gbẹ, ó kú nìyẹn. Igi igbá, èyí tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú, ní tirẹ̀ fi èèpo líle kóró náà ti ilẹ̀kùn mọ́ omi. Àwọn tó ń se irú mọ èèpo yẹn ju onímọ̀ èyíkéyìí lọ, igi tí wọ́n ń dá sábẹ́ ìkòkò láti àárọ̀ kì í ṣe kékeré.

Fún ẹni tó ní iṣu nílé, bí iṣu bá ti jí, oúnjẹ inú rẹ̀ ni èhù ń jẹ. Iṣu á fúyẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ní adùn bíi ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wọ àká lọ kán èhù. Ibi tútù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbé odidi iṣu tútù sínú fíríìjì láti fi mú kó sùn pẹ́. Bí òtútù bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 12°C lọ, inú iṣu á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ebè mi 9 ńkọ́? Ìparí Oṣù Kejì ni àwọn tó jẹ́ orí yọjú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àárín méjì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn yòókù jẹrà. Òjò ò tíì rọ̀. Ìyá mi tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n na korobá sí mi. "Ó ti jí. Ìsinsìnyí ni kí o lọ pọn omi."